Ta Ló Lè Sùn Mọ́jú ní Wọ́ọ̀dù Abiyamọ? Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe é ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nílé ìwòsàn NHS, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀, wọn kì í sábà lé ọkọ nígbà tí ìyàwó bá ń rọbí lọ́wọ́. Ẹ̀yìn tí ọmọ bá délẹ̀ tán ni wọ́n lè ní kó máa lọ sílé láago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án alẹ́. Yàrá ló yí padà. Yàrá ìrọbí jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé ìyá àti ọmọ lọ sí wọ́ọ̀dù, abiyamọ bíi mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú yàrá kan, aṣọ ìkélé nìkan ló sì là wọ́n láàárín. Agbẹ̀bí lè máa yẹ ibi tí wọ́n rán lára ẹnì kan wò, kí ọkọ ọlọ́kọ máa hanrun lẹ́yìn aṣọ.

Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìlànà tirẹ̀ lórí bóyá ẹnì kan lè sùn ti abiyamọ mọ́jú, nítorí náà ìgbà tí oyún ṣì wà nínú ló yẹ kéèyàn ti béèrè.

Níbi tí wọ́n bá ti gbà á, ẹnì kan péré ni. Ìyá ìyàwó tó ti Ìbàdàn wá tọ́jú ọmọ lè jẹ́ ẹni yẹn, torí kò pọn dandan kó jẹ́ ọkọ, àmọ́ àwọn méjèèjì kò ní lè jọ sùn síbẹ̀. Wọ́n lè ní kó tọwọ́ bọ̀wé: kò ní bọ́ aṣọ, kò ní wọ ilé ìtọ̀ àwọn abiyamọ, kò ní jẹ́ kí fóònù dún, oúnjẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Tó bá jáde, aago ẹnu ọ̀nà ni yóò tẹ̀ kó tó wọlé. Kò gbọdọ̀ di ìlẹ̀kùn mú fún àjèjì, bó ti wù kí onítọ̀hún kí i dáadáa tó. Ààbò àwọn ọmọ ló fà á.

Àga ni ibùsùn rẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ewu wà: bí àgbàlagbà bá sùn lọ lórí àga pẹ̀lú ọmọ láyà, ewu ikú òjijì ọmọ lè fi ìlọ́po 50 pọ̀ sí i. Bí oorun bá ti ń kunni, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ nínú bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ló nílò ẹni tó máa sùn tì í jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kú, rọ́bà ìtọ̀ kì í sábà kúrò lára rẹ̀ kí wákàtí 12 tó pé, kò sì lè dìde gbé ọmọ. Lóru, agbẹ̀bí tó yẹ kó dá a lóhùn lè ti wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹni tó sùn tì í á gbé ọmọ fún un, á pààrọ̀ ìtẹ́dìí, á bu omi. Àmọ́ kó má dá gbé ìyá náà dìde nígbà àkọ́kọ́. Òòyì lè kọ́ ọ, kó sì ṣubú.

Ti ẹni tí wọ́n ń fi oògùn mú ìrọbí wá fún yàtọ̀. Ó lè gba ọjọ́ kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sì máa ń ní kí ọkọ lọ sùn nílé títí ìrọbí yóò fi mú gan-an. Ọkọ tó bá pa fóònù ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ lè débẹ̀ bá ọmọ lọ́wọ́ ìyá.

Àwọn abiyamọ kan ò fẹ́ ọkùnrin àjèjì nítòsí rárá, wọn ò sì jẹ̀bi. Wọ́n lè béèrè yàrá àdágbé. Àwọn ilé ìwòsàn kan ń gbowó lé e, ṣùgbọ́n owó kò sọ ọ́ di tẹni: bí aláìsàn tó nílò rẹ̀ jù bá dé, òun ni wọ́n máa gbé e fún.