Ọmọ ọdún 16 ń ṣàìsàn gan-an ní Amẹ́ríkà, kò ní ìwé ìgbélùú, kò ní ìnṣọ́ránsì: ọ̀nà wo ló wà?

Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, tó dákú, tàbí tí gìrì ń mú un, ẹ má wá ìwé kankan kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bákan náà ni ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ibà rẹ̀ dé 38.5°C, ibà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń fi àgbo wò. Òfin tí wọ́n ń pè ní EMTALA, tó ti wà láti 1986, de gbogbo ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì tó sì ń gba owó Medicare (ìnṣọ́ránsì ìjọba àpapọ̀ fún àwọn arúgbó). Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ aláìsàn wò, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí ewu ojú ẹsẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, owó ì báà wà, ì báà má wà, ìwé ì báà wà, ì báà má wà.

Àmọ́ òfin yẹn kò ní kí wọ́n wo ọmọ sàn, kò sì ní kí wọ́n má fi gbèsè ránṣẹ́ sílé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń jìn sí kòtò. Ẹ wo ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Wọ́n gbé e dé, ó ń bì, èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Wọ́n fún un ní omi àti ìnsúlíìnì, ojú rẹ̀ là, gbogbo ilé ń dúpẹ́. Ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní kó lọ rí dókítà àtọ̀gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ pe ọ́fíìsì dókítà yẹn, nọ́ńbà ìnṣọ́ránsì ni wọ́n kọ́kọ́ bi yín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kí oṣù tó parí, ọmọ ti padà sí pàjáwìrì.

Nítorí náà, orí bẹ́ẹ̀dì ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó dá ọmọ sílẹ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá yín pe social worker (òṣìṣẹ́ tó ń ran ẹbí aláìsàn lọ́wọ́) àti financial counselor (ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú) ilé ìwòsàn náà. Ẹ béèrè ọjọ́ àti orúkọ dókítà ní kíníìkì tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn yẹn gan-an, kì í ṣe ti ìta. Ẹ béèrè oògùn tí ẹ máa gbé dání lọ sílé. Kò yẹ kí ọmọ alátọ̀gbẹ yìí jáde láìsí ìnsúlíìnì lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ Lilly àti Sanofi, tó ń ṣe ìnsúlíìnì, ní ètò tí ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì fi ń ra tiwọn ní dọ́là 35 lóṣù. Bí èdè bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ ní ẹ fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá lórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi ọmọ tó ń ṣàìsàn ṣe ògbufọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ gba fọ́ọ̀mù financial assistance, ìyẹn ìrànlọ́wọ́ owó ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn tí kì í ṣe torí èrè (nonprofit) gbọ́dọ̀ ní ètò yìí ní àkọsílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù yín títí di ọjọ́ 240 lẹ́yìn ìwé owó àkọ́kọ́ tó dé lẹ́yìn tí ọmọ kúrò níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé yín lọ sílé ẹjọ́ nítorí gbèsè náà kí ọjọ́ 120 tó pé. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni ẹ̀rí owó tó ń wọlé àti ẹ̀rí ibi tí ẹ ń gbé. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ lọ́wọ́ lè ní kí ọ̀gá rẹ̀ kọ lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pín gbèsè fún àwọn san díẹ̀díẹ̀, láìmọ̀ pé fọ́ọ̀mù yìí lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Emergency Medicaid, owó ìjọba fún ìtọ́jú pàjáwìrì nìkan, wà fún ẹni tí gbogbo nǹkan pé fún Medicaid (ìnṣọ́ránsì ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré) àyàfi ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ tí dókítà bá kọ ló ń gbé e dúró. Bó bá kọ pé ara ọmọ ti balẹ̀, kó máa bọ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n á dá a padà. Ohun tí òfin ń wò ni bóyá ẹ̀mí tàbí ìlera ọmọ á wà nínú ewu ńlá, tàbí ẹ̀yà ara kan á bàjẹ́, bí ìtọ́jú kò bá dé kíákíá. Ẹ bẹ dókítà kó kọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ ní kedere, pẹ̀lú ọjọ́ tí pàjáwìrì bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ní Texas, fọ́ọ̀mù H3038 ni dókítà ń kọ ọ́ sí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń ka fífọ kíndìnrín (dialysis) mọ́ pàjáwìrì. Àwọn mìíràn á ní kí ọmọ dúró títí yóò fi tún wó lulẹ̀. Ìwà ìkà ni, owó tí wọ́n ń ná lé e sì ń pọ̀ sí i.

Ibi tí ọmọ ń gbé ló yàtọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. California, New York, Illinois, Washington, Oregon àti New Jersey ní ìnṣọ́ránsì ìjọba fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 19, tí owó tó ń wọlé fún ilé rẹ̀ bá bá ìlànà wọn mu, láìka ìwé sí. Texas kò ní irú rẹ̀, àmọ́ ará Harris County ní Houston lè gba ìtọ́jú olówó pọ́ọ́kú lọ́dọ̀ Harris Health, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba agbègbè náà. Bí ọmọ bá ní green card, ẹ má kàn gbà bí wọ́n bá ní kó dúró ọdún 5 kó tó lè rí Medicaid gbà: láti 2009 ni òfin ti gba ìpínlẹ̀ láàyè láti yọ àwọn ọmọdé kúrò nínú ìdúró yẹn, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún jẹjẹrẹ ọmọdé, ilé ìwòsàn St. Jude ní Memphis kì í fi ìwé owó ránṣẹ́ sí ẹbí rárá. Dókítà ló gbọ́dọ̀ darí ọmọ síbẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú, torí náà kí dókítà pè wọ́n kí oògùn àkọ́kọ́ tó wọlé. Ti eegun, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ara jíjóná, ilé ìwòsàn Shriners Children's ni kẹ́ ẹ pè.

Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n tún ní ìṣòro tirẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, òbí tàbí alágbàtọ́ lábẹ́ òfin ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìtọ́jú ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Kí òbí tó wà nílé kọ ìwé àṣẹ, kó buwọ́ lù ú níwájú notary (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé), kó sì fi ránṣẹ́ kó tó di pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ.

Ẹ má yá káàdì ìnṣọ́ránsì ọmọ ẹlòmíràn lò láé. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, irú ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tí ara ọmọ kejì ò gbà ni yóò wọnú àkọsílẹ̀ tiyín. Ẹ má sọ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ yẹn lè ti ilẹ̀kùn green card mọ́ ọn títí láé. Bí kò bá ní nọ́ńbà Social Security, ẹ ní kò ní. Ìbẹ̀rù pé Medicaid ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí ìmígíréṣọ̀n kì í ṣe ahesọ: ní 2025 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní àkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Ẹ bi lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù ìjọba, kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì. Fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ ilé ìwòsàn yàtọ̀ ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn ló ń lọ. Kí lọ́yà náà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òbí kan ti kọ ọmọ náà sílẹ̀ tàbí fìyà jẹ ẹ́, torí ìwé ìgbélùú kan wà fún irú wọn kí wọ́n tó pé ọdún 21.

Ọjọ́ ìbí kọkàndínlógún ni ọ̀pọ̀ ètò ọmọdé ń dáwọ́ dúró. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé 18 ni kẹ́ ẹ ti máa bi kíníìkì ọmọdé léèrè dókítà àgbàlagbà tí yóò gbà á, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ sọ́wọ́.