Àbámọdá: ewé tó ń bímọ létí, àti ohun tí àwọn àgbà ń fi í ṣe

Inú ìkòkò òdòdó ni àwọn kan gbìn ín sí, àwọn mìíràn fi í ṣe ọgbà yí ilé ká, àwọn tó kù ò tilẹ̀ gbìn ín rárá, òun ló wá fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, bí àlejò bá wọ agbo ilé tó rí i, ó lè rọra yọjú sí aládùúgbò kó béèrè pé, ṣé onílé yìí kì í ṣe ẹni tó ń ṣe nǹkan? Àwọn ìbéèrè tí èèyàn máa ń béèrè jù lórí ewé náà ni mo kó jọ síbí.

Ewé wo gan-an ni àbámọdá? Ṣé kì í ṣe ọ̀dúndún ni?

Ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn méjèèjì ló ní ewé tó nípọn, tó kún fún omi, tó sì tutù lọ́wọ́. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ọ̀dúndún ni Kalanchoe crenata. Àbámọdá ni Kalanchoe pinnata, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bryophyllum pinnatum lẹ máa rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ dúró kí wọ́n tanná: òdòdó ọ̀dúndún a nàró sókè, ti àbámọdá a sorí kodò bí agogo. Àbámọdá tó bá ti dàgbà tún máa ń ní ewé mẹ́ta tàbí márùn-ún lórí igi ewé kan ṣoṣo, igi rẹ̀ á sì máa pọ́n. Àwọn kan ń pe àbámọdá ní ẹrú ọ̀dúndún. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sápò ná, a máa padà sí i.

Kí ló dé tó fi ń bímọ létí?

Ẹ wo etí ewé náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ó gé wọnú níbi púpọ̀. Ní ojú ibi tó gé wọnú yẹn gan-an ni irúgbìn tuntun ti sùn sí. Nígbà tí ewé ṣì wà lára ìyá rẹ̀, ìyá ń dá ọmọ náà dúró. Bí ewé bá já, ìdádúró dópin. Ọmọ á yọ, á ta gbòǹgbò, ì báà jẹ́ orí sìmẹ́ńtì ni ewé náà já lé, ì báà jẹ́ ara ògiri ni ẹ há a sí láìfún un lómi. Omi tó wà nínú ewé ìyá ni ọmọ ń mu. Goethe, akéwì ilẹ̀ Jámánì, fẹ́ràn nǹkan yìí débi pé ó máa ń fi àwọn ọmọ ewé náà ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ewé náà níbẹ̀ títí di òní.

Báwo ni ewé lásán ṣe wá di ewé oògùn?

Ọ̀nà méjì ló gbà débẹ̀. Ìkíní ni ìṣe rẹ̀. Ewé tí wọ́n já tí kò kú, tí wọ́n sọ nù tó di púpọ̀, kò sí àgbà tó máa rí irú ẹ̀ tí kò ní rántí ìwàláàyè, ọmọ àti ìbísí. Ìkejì ni orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ gan-an wà.

Ẹni tó bá fetí sí ọfọ̀ wa á mọ̀ pé orúkọ ewé àti ìṣe tí wọ́n ń pàṣẹ fún un máa ń jọra lẹ́nu. Pèrègún ní í pe irúnmọlẹ̀ láti òde ọ̀run wá sáyé: pèrègún, pè. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó ń ya fọ́tò, tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Benin, ní 1953 tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti gba irú ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo. Ó fi hàn pé ìjọra yìí kì í ṣe èèṣì. Ìró inú orúkọ ewé ló ń so ewé náà mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe. Ó tún jẹ́ kó rọrùn láti há ọfọ̀ sórí, nítorí kò sí ìwé tí awo ń ṣí wò.

Ní ti àbámọdá, àbá ló wà níbẹ̀, dídá ló sì wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé àbá tí alágẹmọ bá dá ni Òrìṣà ń gbà. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ewé yìí: ohun tí àbámọdá bá dá ni Òrìṣà ń gbà. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò yà kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé níwájú àwọn àgbààgbà, ẹni tó ń tọrọ ọmọ, á já ewé náà, á kó atare lé e, méje bó bá jẹ́ obìnrin, mẹ́sàn-án bó bá jẹ́ ọkùnrin, á máa jẹ ẹ́ lẹ́nu, á pe ewé lórúkọ, á wá dá àbá tirẹ̀. Àwọn mìíràn ń gún un mọ́ ọṣẹ dúdú, wọ́n á fi wẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ẹnu ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ra àbámọdá lọ́wọ́ lẹ́kúlẹ́jà ní ọjà Bódè n'Ìbàdàn, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè sí i, ewé ló rà lọ sílé.

Mo rí fídíò kan tí wọ́n ní kí n kọ iye owó tí mo fẹ́ sára ewé náà kí n gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Lójú tèmi, ẹni tó ṣe fídíò ló máa rí owó níbẹ̀. Wọ́n yọ ọfọ̀ kúrò, wọ́n yọ ẹni tó mọ̀ ọ́n kúrò, wọ́n fi bírò rọ́pò rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé àfi kí wọ́n já a ní ìdájí, kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀?

Bí ọ̀pọ̀ adáhunṣe ṣe ń ṣe é nìyẹn, kì í sì í ṣe àbámọdá nìkan. Ẹnu tí kò tíì jẹ, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ játijàti, ni wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́ kan ewé.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lára ewé yìí tó máa ń dùn mọ́ mi láti sọ. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Heyne kíyè sí i pé bí òun bá jẹ ewé náà láàárọ̀, ó ń kan. Lọ́sàn-án kò ní adùn kankan. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ó ti fẹ́ máa korò. Wọ́n tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde nílùú Lọ́ńdọ̀nù ní 1815. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó rí ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ewé máa ń ṣí ihò tíntìntín ara wọn lọ́sàn-án láti fa afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ. Àbámọdá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí oòrùn má bàa gba omi ara rẹ̀. Òru ló ń ṣí tirẹ̀. Á fa afẹ́fẹ́ náà, á tọ́jú rẹ̀ bí ásíìdì kan, irú èyí tó ń mú kí èso ápù kan. Bí oòrùn bá yọ, á ti ihò pa, á wá máa ná ohun tó tọ́jú. Nítorí náà, ewé ìdájí àti ewé ọ̀sán yàtọ̀ síra ní ti gidi. Mi ò sọ pé ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi yan ìdájí o. Ọ̀rọ̀ ẹnu mímọ́ ni tiwọn.

Wọ́n ní Madagásíkà ni ewé yìí ti wá. Báwo ló ṣe wá dé ẹnu babaláwo?

Òótọ́ ni, Madagásíkà ni orírun rẹ̀. Lamarck, onímọ̀ ará Faransé, ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní 1786. Àwọn awakọ̀ òkun àti àwọn olólùfẹ́ òdòdó gbé e káàkiri ilẹ̀ olóoru, nítorí ewé kan péré nínú àpò ti tó láti fi dá ọgbà sílẹ̀. Ọ̀dúndún ní tirẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ẹ rántí ẹrú ọ̀dúndún tá a fi sápò. Lójú mi, ó jọ orúkọ tí onílé máa fún àlejò tó bá a jọ.

Àwọn kan rò pé èyí ba ẹsẹ Ifá tó bá dárúkọ ewé náà jẹ́. Kò bà á jẹ́. Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, síbẹ̀ ta ni kò mọ̀ ọ́n ní àgbàdo tó rin ìhòòhò lọ sóko tó kó igba aṣọ bọ̀ wálé? Ifá ń gba àlejò mọ́ra. Ewé tuntun dé, awo wò ó, ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó fún un níṣẹ́.

Ṣé ewé àjẹ́ ni?

Rárá. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, àjẹ́ ò nílò ewé kó tó ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe; agbára inú ni wọ́n kà á sí. Àwọn tó ń fi ewé ṣiṣẹ́ ni oníṣègùn, adáhunṣe àti babaláwo. Ìwé àwọn òyìnbó ló da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ara wọn, fíìmù wa sì tẹ̀ lé e. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ewé tó bá ń gba ohun tí a bá dá, kò lè yan ire tàbí ibi. Ẹni tó ń dá àbá ló ń yàn. Olóògùn ìkà wà, bó ti wù kí ewé rẹ̀ lẹ́wà tó.

Ní Puerto Rico, orúkọ tí wọ́n ń pè é lédè Sípáníìṣì ni bruja, ìyẹn àjẹ́. Mo fura pé àìkú rẹ̀ ló fa ìyẹn.

Ẹ má sì ṣe tìtorí ewé ọgbà pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́. Abala 210 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tó ti wà tipẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura.

Ṣé wọ́n ń lò ó ní Bùràsílì àti Kúbà?

Wọ́n ń lò ó. Folha-da-fortuna, ewé oríire, ni wọ́n ń pè é ní Bùràsílì, ṣùgbọ́n nínú ilé Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn níbẹ̀, ní ìlú Salvador, àbámọdá ṣì ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń tọ́jú ewé Ọ̀sanyìn. Àwọn ló máa ń sọ pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Ní Kúbà, wọ́n ń pè é ní prodigiosa tàbí siempreviva.

Ìyá àgbà ní kí n fún omi rẹ̀ sí ìwọ́ ọmọ tuntun. Ṣé kí n ṣe é?

Ẹ kí màmá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Ọgbẹ́ ni ìwọ́ ọmọ tuntun jẹ́, ewé tí a já nílẹ̀ sì lè gbé kòkòrò àrùn wọ ibẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí fún ìwọ́ ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Ní ti mímu rẹ̀ fún ikọ́, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń mu ún. Ṣùgbọ́n èròjà kan wà nínú ẹbí ewé yìí tó ń kan ọkàn, irú èyí tó ń pa màlúù ní Ọsirélíà bí wọ́n bá jẹ ẹ́ jù. Ẹni tó bá ń lo oògùn ọkàn kó jìnnà sí i. Aláboyún náà kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Mo fẹ́ hú u kúrò pátápátá. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ẹ má gé e wẹ́wẹ́ o, ẹ ó kàn sọ ọ́ di púpọ̀ ni. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ ṣa gbogbo ewé tó bá já sílẹ̀, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá dúdú, ẹ dì í pa, kí ẹ wá gbé e sínú oòrùn títí á fi jẹrà. Ẹ má dà á sí ààtàn. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún padà wo ibi tẹ́ ẹ ti hú u.