Bí a ṣe ń wọn ìwúwo agbo gálásì

Gálásì ni àkójọ ńlá ìràwọ̀; agbo gálásì sì ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún gálásì tí òòfà ara wọn, ìyẹn agbára tí ìwúwo fi ń fa nǹkan mọ́ra, so pọ̀ sójú kan. Èyí tó tóbi lè wúwo tó Oòrùn lọ́nà 10¹⁴ sí 10¹⁵. Agbo Virgo, tó jìnnà sí wa ní nǹkan bí mílíọ̀nù 54 ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọ̀kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan), fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dé àárín orí gan-an ní Kétu àti Àjàṣẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́ lóṣù Karùn-ún, bí ìkùukùu òjò ò bá bò ó. Ojú lásán ò lè rí i.

Ìyára àti gáàsì

Ní 1933, Fritz Zwicky rí i pé àwọn gálásì inú agbo Coma ń sáré ju ohun tí ìwúwo ìràwọ̀ wọn lè dì mú lọ, ó sì gbà pé ohun àìrí kan ló dì wọ́n mú. Ìyára yìí ni a ń fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ nínú ìṣírò, nítorí náà bí ó bá fi 10% ṣì, ìwúwo á fi nǹkan bí 20% ṣì. Gálásì tó kàn wà níwájú tàbí lẹ́yìn agbo, tí a kà mọ́ ọn, ló sábà ń fa àṣìṣe náà.

Gáàsì inú agbo gbóná tó mílíọ̀nù 10 sí 100 ìwọ̀n Kelvin, ó sì ń tan ìtànṣán X. Ẹni tó bá fi í wọn ìwúwo ti gbà pé agbára tí gáàsì fi ń tì síta bá òòfà dọ́gba. Nínú agbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu òmíràn, gáàsì ṣì ń ru gùdù, ìwúwo tí a bá rí á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ipa Sunyaev àti Zeldovich, ìyẹn àmì tí gáàsì gbígbóná ń fi sára ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ tó kún àgbáálá ayé, gbára lé gáàsì kan náà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé jíjìnnà kì í sọ àmì rẹ̀ di bàìbàì.

Títẹ̀ ìmọ́lẹ̀

Ọ̀nà yìí kì í béèrè bóyá agbo ti fara balẹ̀. Òòfà agbo ń tẹ ìmọ́lẹ̀ àwọn gálásì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítòsí àárín, àwòrán wọn á gùn, á sì tẹ̀ bí ọrun, irú èyí tó wà nínú agbo Abell 370. Lápá ìta, ìyípadà náà kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ gálásì ló ti rí gbọọrọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ni a gbọ́dọ̀ kó pọ̀ kí gígùn àbínibí wọn tó pa ara rẹ̀ rẹ́.

Ìràwọ̀ inú àwòrán la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ó yẹ kí wọ́n rí roboto. Gígùn yòówù tí wọ́n bá ní, awò àti afẹ́fẹ́ ló fà á, a ó sì yọ ọ́ kúrò lára gálásì. Lẹ́yìn náà la ó fi àwọ̀ ya gálásì ẹ̀yìn kúrò lára ti inú agbo. Ibi tí iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́ nìyí: bí ti inú agbo bá yọ́ wọlé, àmì á rọ̀, ìwúwo á sì kéré, pàápàá nítòsí àárín. Agbo tó na ara rẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ wa, ní tirẹ̀, á dà bíi pé ó wúwo jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa ìwọ̀n ọ̀pọ̀ agbo pọ̀, tí wọ́n sì ń fi í tún ti gáàsì ṣe.