Àròkọ Ọmọ Girama: Ibi Tí Máàkì Wà, Ibi Tí Ìdíje Wà

Wákàtí 2 ni ọmọ SS3 ní fún Paper 2 nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC. Àròkọ gba 50 máàkì, àyọkà (comprehension) gba 20, ìkékúrú (summary) gba 30. Ìbéèrè àròkọ 5 ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò mú níbẹ̀, ohun tó bá sì kọ kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 450. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí ọmọ bá ti lè sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín 50 yẹn ná: kókó ọ̀rọ̀ ní 10, ètò ní 10, ìlò èdè ní 20, ìpéye ní 10. Ìpéye yìí ló kó sípẹ́lìn, àmì ìdánudúró àti gírámà sínú. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tí olùyẹ̀wò bá fi bírò pupa yí po ń gbé ààbọ̀ máàkì lọ. Tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá pé 20, máàkì 10 ti lọ tán, bó ti wù kí ìtàn inú àròkọ náà dùn tó.

Àwọn àṣìṣe kan sì wà tó jẹ́ ti àwa gan-an. Nínú èdè wa, “ó” kan náà la fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin, ìdí nìyẹn tí ìyá tó jẹ́ “she” ní ìpínrọ̀ kìíní fi máa ń di “he” ní ìpínrọ̀ kẹta. Ọ̀wọ̀ tí a fi kọ́ ọmọ nílé náà máa ń bá a dé gbọ̀ngàn ìdánwò: “My father, they travelled.” Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà nítorí pé nǹkan ṣẹlẹ̀ lánàá, ọmọ á wá kọ “Yesterday he go” láì fura. Àwa máa ń gbọ́ òórùn, àmọ́ “I heard the smell” kò ní bọ́ lọ́wọ́ bírò pupa.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ pín ìṣẹ́jú 50 tó yẹ kó fi kọ àròkọ sí mẹ́ta: 5 láti to kókó rẹ̀ sílẹ̀, 38 láti kọ ọ́, 7 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kó má ṣe wá gbogbo àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kó kọ́kọ́ sáré wo “he” àti “she” nìkan, kó padà wá wo àkókò ọ̀rọ̀-ìṣe, lẹ́yìn náà kó wo “s” tó yẹ kó wà ní ìparí ọ̀rọ̀. Ojú tó ń wá ohun kan ṣoṣo kì í fò ó.

Ní ti àyọkà, ìbéèrè kan wà tó ń fìyà jẹ ọmọ lọ́dọọdún: èyí tó ní kí wọ́n sọ orúkọ gírámà tí gbólóhùn kan ń jẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọmọ á kọ “noun clause” síbẹ̀, ìyẹn dára. Àmọ́ tó bá dé orí iṣẹ́ rẹ̀, á kọ “subject” lásán. Ìdáhùn náà kò tíì pé. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú àyọkà náà gan-an, kó kọ “subject of the verb”, kó sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe náà tì í. Ní ti ìkékúrú, kó má ṣe gbé odidi gbólóhùn kúrò nínú àyọkà wá sínú ìdáhùn. Wọ́n ń gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú irú àṣìṣe báyìí wà nínú ìròyìn tí àwọn ọ̀gá olùyẹ̀wò WAEC máa ń kọ lẹ́yìn ìdánwò. WAEC gbé e sí ojúlé e-learning rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìbéèrè ọdún tó ti kọjá, ibi tí àwọn ọmọ ti kùnà àti ìdí rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ìwé “past questions” tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni àwọn òbí ń náwó lé lórí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu olùyẹ̀wò fúnra rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ ọmọ tí kò kọ ohunkóhun ju iṣẹ́ kíláàsì lọ kì í sábà yára dàgbà nínú ìwé kíkọ. Ìdíje ló ń fún un ní òfin tí kò lè yẹ̀, ọjọ́ tí kò lè sún síwájú, àti òǹkàwé tí kò mọ̀ ọ́n rí. SS1 àti SS2 ló yẹ kó fi ṣe é, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdíje ńlá máa ń parí láàárín April sí July, ìgbà tí ọmọ SS3 ń sáré WAEC.

Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ni Queen's Commonwealth Essay Competition, tí Royal Commonwealth Society ń ṣe láti 1883. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tí kò tíì pé 14 kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀rọ̀ 750. Ọmọ 14 sí 18 kò gbọdọ̀ kọjá 1,500. Orúkọ rẹ̀ ń tan àwọn ènìyàn jẹ, nítorí wọ́n ń gba ewì, ìtàn àti lẹ́tà pẹ̀lú. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí, tàbí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ló wà fún. Tógò ti wọ ẹgbẹ́ náà ní 2022, àmọ́ orílẹ̀-èdè Benin kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Kútọnú lè díje, nítorí pé Nàìjíríà tó ti wá wà nínú ẹgbẹ́ náà.

Fún ọmọ JSS, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìdíje lẹ́tà kíkọ ti UPU, àjọ ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, tó ti wà láti 1971. Ọmọ ọdún 9 sí 15 ló wà fún, NIPOST ló sì ń yan ti Nàìjíríà, nítorí náà ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kí ẹ ti lọ béèrè. Ní 2025, wọ́n ní kí ọmọ fojú inú wò ó pé òun ni òkun, kó kọ̀wé sí ẹnì kan nípa ìdí tó fi yẹ kó tọ́jú òun. Ẹ̀bìtì ibẹ̀ ni pé ọmọ á gbàgbé pé òkun ló ń sọ̀rọ̀, á wá kọ àròkọ nípa ìdọ̀tí inú omi. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà: kó ní ẹni tó kọ ọ́, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, ìkíni àti ìbuwọ́lù.

Ẹni tó ń kọ ewì lè wo Foyle Young Poets of the Year Award, tí Poetry Society ní London ń ṣe fún ọmọ ọdún 11 sí 17 kárí ayé. Ọ̀fẹ́ ni, 31 July ló sì máa ń parí. Ènìyàn 100 ni wọ́n ń yàn, èyí sì sàn ju ìdíje tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jàǹfààní níbẹ̀. Goi Peace Foundation ní Japan náà ń gba àròkọ ọ̀rọ̀ 700, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́wọ́ ọmọdé títí dé ọ̀dọ́ ọdún 25.

Níbi iye ọ̀rọ̀ ni ọmọ tí WAEC ti kọ́ ti máa ń ṣubú. WAEC ní kó má dín, ìdíje ní kó má jù, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa fẹ ọ̀rọ̀ lójú. Kó kọ 900 tó bá fẹ́, lẹ́yìn náà kó gé e wá sí 700. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni kó kọ́kọ́ gé, nítorí ibẹ̀ ni “Since time immemorial” máa ń jókòó sí. Kó sì fi ohun tó mọ̀ rọ́pò ohun tó kà: ọjà Bódìjà lọ́jọ́ òjò wúlò fún onídàájọ́ ju “poverty in Africa” lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ AI ló kọ ọ́ fún un, tàbí pé ó dà á kọ láti ibòmíràn, wọn yóò yọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdíje tó bá ní kí ẹ san owó kí wọ́n tó ka iṣẹ́ ọmọ, àti èyí tó ní gbogbo ọmọ ló “wọlé” tí wọ́n wá ń rọ òbí láti ra ìwé tí orúkọ ọmọ wà nínú rẹ̀. Ọjà ìwé nìyẹn, kì í ṣe ìdíje. Àwọn kan tún ń pe ọmọ sí ayẹyẹ lókè òkun, àmọ́ òbí ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka òfin náà dópin kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé.

Fún ìwé kíkà, Project Gutenberg ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó 1MB tí ẹ bá mú èyí tí kò ní àwòrán. Àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì inú wọn, kí ọmọ má ṣe kó “thou” wá sínú lẹ́tà. LearnEnglish Teens ti British Council dára fún Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ojúlé Purdue OWL sì ń ṣàlàyé kọ́mà àti àmì yòókù yékéyéké.

Ọjọ́ méjì ṣáájú gbèdéke ni kí ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ní July, aago London àti ti Èkó dọ́gba, àmọ́ ti Japan fi wákàtí 8 ṣíwájú tiwa: nígbà tí ọwọ́ yín bá fi máa dilẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aago kan òru ọjọ́ kejì ti lù lọ́dọ̀ wọn. Ìmeèlì òbí tàbí ti olùkọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ lò, torí pé ibẹ̀ ni èsì yóò gbà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan.