Ọ́fúsáìdì: ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ni kẹ́ẹ wò

Ọ̀pọ̀ nínú ariwo tí wọ́n ń pa ní viewing centre láti Kàbbà títí dé Ìsánlú, orí ọ́fúsáìdì ló ń já sí. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù wọlé, gbogbo ilé á dìde, láìnsìmáànù á na àsíá sókè, ló bá di wàhálà. Èyí tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń jà ò jà lórí ohun kan náà, ẹnì kan ń sọ ibi tí sítíráíkà wà nígbà tó gba bọ́ọ̀lù, ẹlòmíì ń sọ ibi tó wà nígbà tí wọ́n fún un ní páàsì, ibi méjèèjì sì lè jìnnà síra gan-an.

Ẹ jẹ́ n là á sílẹ̀. Ẹni tó wà ní ọ́fúsáìdì ni ẹni tí orí, ara tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kọjá ìlà àárín pápá bọ́ sọ́dọ̀ àwọn alátakò, tó sún mọ́ ìlà góòlù wọn ju bọ́ọ̀lù lọ, tó sì tún sún mọ́ ọn ju alátakò kejì láti ẹ̀yìn lọ. Alátakò kejì o, kì í ṣe ẹni ìkẹyìn. Torí pé gólkípà ló sábà máa ń wà lẹ́yìn pátápátá ni gbogbo èèyàn ṣe ń wo difẹ́ńdà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n tí gólkípà bá ti sáré jáde tó wá ku difẹ́ńdà kan lórí ìlà góòlù, ẹni tó bá ti kọjá gólkípà yẹn nígbà tí wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ọ́fúsáìdì ni, bẹ́ẹ̀ difẹ́ńdà yẹn ṣì wà níwájú ẹ̀. Ọwọ́ àti apá ò sí nínú ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n jọ wà lórí ìlà kan náà, kò sí ọ́fúsáìdì, láti 1990 ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ń ta kókó gan-an rèé. Ẹ fojú inú wo nọ́ńbà 9 tó dúró sáàárín difẹ́ńdà méjì, èjìká ẹ̀ àti tiwọn ṣe déédéé, ojú ẹ̀ wà lára ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ láàárín pápá. Bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe kan bọ́ọ̀lù báyìí ló ṣe gbéra, kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ ó ti fi ìṣísẹ̀ mẹ́rin márùn-ún ṣíwájú wọn, gbogbo ilé ń pariwo ọ́fúsáìdì. Kì í ṣe ọ́fúsáìdì. Àmọ́ ẹ wá yí i padà, ká ní ó ti wà níwájú nígbà tí wọ́n gbá a, tó wá sáré padà wá gba bọ́ọ̀lù ní ìdajì pápá tiwọn, ọ́fúsáìdì nìyẹn, láti 2016 sì ni wọ́n ti ń gbá fíríkíìkì ẹ̀ níbi tó ti gbà á gan-an.

Ká kàn dúró síbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àfi tó bá lọ́wọ́ sí eré yẹn, bóyá ó gbá a, tàbí ó dí gólkípà lójú, tàbí bọ́ọ̀lù ta lára pósì tó wá bá a níbẹ̀. Tírò, kọ́nà àti gólkíìkì, kò sí ọ́fúsáìdì níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe òfin náà ni pé kí ẹnì kan má lọ jókòó ti gólkípà máa retí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n kọ òfin bọ́ọ̀lù ní London ní 1863, ó le ju báyìí lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ti wà níwájú bọ́ọ̀lù ò gbọ́dọ̀ dá sí i, bí rọ́gíbì ṣe ń ṣe é dòní. Ní 1866 wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó di pé alátakò mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹni náà àti ìlà góòlù wọn. Ìgbà tó yá àwọn difẹ́ńdà mọ bí wọ́n ṣe ń jọ rìn síwájú lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè fi sítíráíkà sílẹ̀ sẹ́yìn, Bill McCracken ti Newcastle gbajúmọ̀ fún un, eré wá ń há. Ní 1925 wọ́n sọ mẹ́ta di méjì, góòlù inú líìgì tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fò láti 1,192 sí 1,703 láàárín sísìn kan sí èkejì. Ìyẹn yà mí lẹ́nu púpọ̀, èèyàn kan ṣoṣo ni wọ́n yọ o!

Àwọn eré yòókù náà wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí. Họ́kì orí yìnyín fa ìlà búlúù, òṣèré ò gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun tí wọ́n ń gbá wọ ibẹ̀. Basketball ò ní ọ́fúsáìdì, ṣùgbọ́n tó o bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ nínú àpótí abẹ́ àwọ̀n tí ẹgbẹ́ ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín.

Monkey post tiwa ládùúgbò ò ní in rárá, mo sì gbà pé kò nílò ẹ̀, torí pósì náà kéré, kò sí gólkípà, difẹ́ńdà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì dí i. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmọ tó bá dàgbà sórí monkey post, tó wá lọ gbá ti pápá ńlá fún ilé ìwé ẹ̀, wọ́n á máa súfèé fún un ṣáá, á sì rò pé rẹ́fẹ́rì kórìíra òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kó máa pariwo “ó ti gbá a” nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá kan bọ́ọ̀lù, kí àwọn sítíráíkà má gbéra kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Argentina tó ní Messi nílé kàgbákò ẹ̀ ní World Cup tí wọ́n gbá ní Qatar ní 2022, góòlù mẹ́ta ni wọ́n wọ́gi lé fún wọn ní ìdajì àkọ́kọ́, ti Messi kan, ti Lautaro Martínez méjì, torí pé àwọn difẹ́ńdà Saudi dúró sókè lórí ìlà kan, wọn ò sì yẹ̀, wọ́n sì padà na Argentina 2-1.