Pípín ìlà ìran baba sí ẹ̀ka nípasẹ̀ àmì orí kírómósómù Y

Kírómósómù Y ni apá kan ṣoṣo nínú àbùdá ènìyàn tí ó ń ti ọwọ́ baba lọ sọ́wọ́ ọmọkùnrin láti ìran dé ìran, láìgba ọ̀dọ̀ ìyá kankan. Àwọn onímọ̀ máa ń wá ibi tí lẹ́tà DNA (A, C, G tàbí T) ti yí padà lórí rẹ̀, wọn a sì fi àwọn ìyípadà wọ̀nyí to gbogbo ọkùnrin sórí igi ìran kan. Ẹ̀ka ńlá tàbí kékeré lórí igi yìí ni wọ́n ń pè ní haplogroup. Ìyípadà tí wọ́n fi dá ẹ̀ka mọ̀ ni àmì rẹ̀.

Ìdí tí Y fi yẹ fún iṣẹ́ yìí

Kírómósómù 46 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ní méjì-méjì. Nígbà tí ara bá ń ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin, àwọn ìkejì ara wọn a máa gba ègé lọ́wọ́ ara wọn, ohun tí a jogún lọ́dọ̀ baba àgbà a sì dàpọ̀ mọ́ ti ìyá àgbà. Y kò ní ìkejì tí ó bá a dọ́gba. Etí rẹ̀ méjèèjì nìkan ló ń bá kírómósómù X ṣe pàṣípààrọ̀, wọn kò sì ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ. Ìyókù ń lọ bó ṣe wà, àfi bí àṣìṣe bá wọ inú àdàkọ. Bí àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá sì ti wọlé lára ọkùnrin kan, gbogbo ọmọkùnrin tí ìlà rẹ̀ bá bí ni yóò máa gbé e kiri.

Kì í ṣe gbogbo Y ló ṣeé gbára lé. Ní 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ ka Y kan tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: lẹ́tà 62,460,029. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àtúnwí gbọọrọ. Apá kan wà tí ó fi nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún jọ X, apá mìíràn sì kọ bíi dígí, tí ìdajì kan dojú kọ ìdajì kejì. Ẹ̀rọ tí ń ka DNA ní ègé kúkúrú kì í mọ ibi tí ègé irú àwọn apá wọ̀nyí ti wá. Nǹkan bí mílíọ̀nù lẹ́tà mẹ́wàá ló kù tí a lè kà láìbẹ̀rù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àmì tó dára ti wá.

SNP àti STR

SNP ni ibi tí lẹ́tà kan ṣoṣo ti yí padà, bíi kí A di G. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Lórí gbogbo mílíọ̀nù mẹ́wàá tí a mẹ́nu bà lókè yìí, ìyípadà tuntun kan máa ń wáyé láàárín nǹkan bí ọdún 100 sí 150. Nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí lẹ́tà kan náà yí padà lẹ́ẹ̀mejì, SNP ni wọ́n fi ń fún ẹ̀ka lórúkọ.

STR jẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú tí DNA ń tún sọ, bíi GATA-GATA-GATA, iye ìgbà tí ó tún un sọ sì ni a ń kà. Orúkọ wọn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DYS: DYS19, DYS390, DYS393. Wọ́n ń yára yí padà: ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ìgbà méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìbí fún àmì kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan yá ju èyí lọ dáadáa. Wọ́n wúlò fún mímọ ọkùnrin méjì tí baba ńlá wọn kò jìnnà síra. Àmọ́ iye lè gòkè kí ó tún sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìlà tí kò bára tan láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sì lè bá ara wọn lórí nọ́mbà kan náà. Ìdí nìyí tí ẹ̀ka tí wọ́n fi STR sọtẹ́lẹ̀ fi jẹ́ ìfojúdá lásán, títí SNP yóò fi jẹ́rìí sí i.

Orúkọ àwọn ẹ̀ka

Ní 2002, àjọ Y Chromosome Consortium kó oríṣiríṣi orúkọ tí àwọn yàrá àyẹ̀wò ń lò pọ̀ sí ètò kan: lẹ́tà A títí dé R fún ẹ̀ka ńlá, kí nọ́mbà àti lẹ́tà kékeré máa tẹ̀ lé ara wọn fún ẹ̀ka inú ẹ̀ka. Àtúnṣe 2008 fi S àti T kún un. Ẹ̀ka 153 ni igi àkọ́kọ́ ní, èkejì ní 311.

Ìṣòro ètò yìí kò pẹ́ hàn: bí wọ́n bá rí oríta tuntun láàárín igi, gbogbo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní láti yí padà. Ẹ̀ka tí àmì M2 ń fi hàn, tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n pè ní E3a ní 2002. Ó di E1b1a ní 2008, lẹ́yìn náà ó di E1b1a1. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé àtijọ́ láìwo ọdún rẹ̀ yóò rò pé ẹ̀ka mẹ́ta ni. Orúkọ kúkúrú, E-M2, kò yí padà rí, òun sì ló yẹ kí ènìyàn máa kọ. Lẹ́tà tí ó ṣáájú nọ́mbà àmì ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rí i: M ti yàrá Stanford ni, P ti yunifásítì Arizona, V ti Róòmù. Àmì kan lè ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta bí yàrá méjì bá rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Sísọ̀ kalẹ̀ lórí igi

Wọn kì í fi àmì kan ṣoṣo pa ẹjọ́. Àmì kọ̀ọ̀kan ní ipò ìpilẹ̀ àti ipò tuntun, ẹni tí ó bá sì wà ní ẹ̀ka kan gbọ́dọ̀ ní ipò tuntun gbogbo oríta tó wà lókè rẹ̀. Fún E-M2, M168 gbọ́dọ̀ ti kúrò ní C di T. YAP, ègé DNA bíi 300 lẹ́tà tí ó já wọ ibẹ̀, gbọ́dọ̀ wà. M96 àti P2 gbọ́dọ̀ ti yí padà. M2 fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti di G dípò A. Bí M2 bá yí padà tí M96 kò sì yí padà, èsì náà kò ṣeé gbà: àyẹ̀wò ló ṣì, tàbí kí ohun èlò ẹni méjì ti dàpọ̀. Bí M2 bá yí padà, ṣùgbọ́n tí gbogbo àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ṣì wà ní ìpilẹ̀, wọn a kọ E-M2*. Ìràwọ̀ yẹn kò sọ pé ẹni náà kò ní ẹ̀ka síwájú sí i. Ohun tí wọ́n yẹ̀ wò ló parí síbẹ̀.

Ohun tí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fi pamọ́ hàn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ka D. Ní 2003, wọ́n rí ọkùnrin márùn-ún láti Nàìjíríà tí wọ́n ní YAP, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní M96 tí í ṣe àmì E, tí wọn kò sì ní M174 tí wọ́n fi ń mọ D. DE* ni wọ́n kọ sí wọn; DE ni oríta tí D àti E ti pínyà. Ní 2019 ni wọ́n ka mẹ́ta nínú Y wọ̀nyí ní kíkún, tí ó sì hàn pé ara igi D ni wọ́n ti yọ, ní oríta kan tí ó ṣáájú M174. D0 ni wọ́n pè é. Gbòǹgbò igi pàápàá ti sún sẹ́yìn lọ́nà bẹ́ẹ̀: A00, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2013, tí wọ́n sì tún rí láàárín àwọn Mbo ní Kamẹrúùnù, ti ya kúrò lára gbogbo ìlà yòókù láti ohun tí ó lé ní 200,000 ọdún.

Iṣẹ́ inú yàrá àyẹ̀wò

Òwú orí igi ni wọ́n sábà fi ń gba ohun èlò. Ẹni náà kò ní jẹ, kò ní mu, kò ní mu sìgá fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọn a fi òwú ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú tirẹ̀. Kí òwú gbẹ kí wọ́n tó dì í sínú àpò bébà. Bí wọ́n bá fi tútù sínú ọ̀rá, kòkòrò àìfojúrí yóò pọ̀ sí i, yóò sì jẹ DNA rẹ̀. Obìnrin kò ní Y, nítorí náà baba rẹ̀, arákùnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ baba kan náà, tàbí arákùnrin baba rẹ̀ ni wọn yóò yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ DNA, wọn a wọn iye rẹ̀, wọn a sì fi PCR sọ ibi tí wọ́n fẹ́ di púpọ̀, ní nǹkan bí ìyípo 30. Fún SNP díẹ̀, wọn a lo ègé DNA kúkúrú kan tí ó dúró gẹ́lẹ́ níwájú lẹ́tà tí wọ́n ń wá, wọn a jẹ́ kí lẹ́tà aláwọ̀ kan ṣoṣo lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọ̀ tí ẹ̀rọ rí ni ìdáhùn. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n fi DNA obìnrin kan kún un fún ìdánwò. Bí nǹkan bá yọ lára rẹ̀, a jẹ́ pé X ni wọ́n ń kà, kì í ṣe Y, àmì yẹn kò sì ṣeé lò bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Àmì P25, tí wọ́n fi ń mọ R1b1 tẹ́lẹ̀, ló dára jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀dà mẹ́ta ló ní lórí Y, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì yí padà láti C di A. Ẹ̀dà tí kò yí padà lè kọ ara rẹ̀ lé èyí tí ó yí padà, kí àmì náà pòórá lára ẹni tí ó jẹ́ ti ẹ̀ka náà ní tòótọ́. Àwọn àmì mìíràn ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì: SRY10831 kúrò ní A di G nítòsí gbòǹgbò igi, ó sì padà di A nínú R1a. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ .1 àti .2 sí irú àmì bẹ́ẹ̀ nídìí.

Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣàyẹ̀wò máa ń kọsẹ̀ níbi méjì. Èkínní, nọ́mbà ipò lẹ́tà nínú GRCh37 kò bá ti GRCh38 mu; ẹ̀dà méjì àbùdá ènìyàn tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n ni wọ́n. Èkejì ṣòroó rí: ọ̀pọ̀ nínú Y tí GRCh38 fi ṣe òṣùwọ̀n wá láti ara ọkùnrin R1b kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ọkùnrin tí ó wà ní ẹ̀ka ńlá inú R1b tí àmì M269 ń fi hàn kò ní "yàtọ̀" níbi àmì náà, nígbà tí ẹni tí kò sí ní ẹ̀ka náà yóò yàtọ̀. Ipò ìpilẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n, kí wọ́n má fi òṣùwọ̀n ṣe é. Nínú STR, DYS389II ti ka DYS389I mọ́ra. Bí a kò bá yọ ìkínní kúrò nínú ìkejì kí a tó fi ẹni méjì wéra, ìyàtọ̀ kan yóò di méjì.

DNA láti ara egungun àtijọ́ tún ní wàhálà tirẹ̀. C máa ń bàjẹ́, ẹ̀rọ a sì kà á sí T, àtakò rẹ̀ lódìkejì a sì sọ G di A. Nítorí náà, kò bójú mu kí wọ́n gbé ẹ̀ka ka ìkàwé kan ṣoṣo tí ó ní irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Àmì bíi M96, tí ó kúrò ní G di C, kò bọ́ sínú ìbàjẹ́ yìí, ó sì níye lórí púpọ̀ níbẹ̀. Bí àmì tí ó ṣeé fọkàn tán bá dúró sí P2, E-P2 náà ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n má sọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.