Pípẹ́ nìkan kọ́ ló ń sọ káàdì bẹ́ísíbọ́ọ̀lù di owó

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti wọ àwọn èèyàn lára ní Amẹ́ríkà, àwọn tiwa tó ń gbé lọ́hùn-ún náà sì ti ń bá wọn gbà á gbọ́, pé káàdì bẹ́ísíbọ́ọ̀lù, ìyẹn páálí pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n tẹ àwòrán agbábọ́ọ̀lù sí, yòówù tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, owó ńlá ni. Ẹnì kan á kó wọlé tuntun, á bá páálí bàtà tó kún fún káàdì lókè àjà, tàbí á rí i níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù níwájú ilé wọn ní Sátidé, kíá ló ti ń ṣírò iye tó máa wọlé, torí ó gbọ́ nínú ìròyìn pé wọ́n ta káàdì kan ṣoṣo ní $12.6 mílíọ̀nù. Òótọ́ ni ìròyìn yẹn o. Ohun tí wọ́n rò pé ó gbé owó yẹn lé e lórí ni kì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú káàdì yẹn gan-an wò. Mickey Mantle ló wà lórí ẹ̀, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ New York Yankees, ilé iṣẹ́ Topps tó ń tẹ káàdì ló tẹ̀ ẹ́ ní 1952, nọ́ńbà 311, wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo lóṣù kẹjọ 2022. Tó bá jẹ́ pé pípẹ́ ló ń mówó wá, a jẹ́ pé káàdì Mantle tó ṣáájú ìyẹn ló yẹ kó wọ́n jù, àbí? Ó sì wà. Bowman, ilé iṣẹ́ káàdì mìíràn, ti tẹ Mantle ní 1951, ìyẹn gan-an ni rookie card ẹ̀, káàdì àkọ́kọ́ tó ní. Ọkùnrin kan náà, káàdì yẹn sì fi ọdún kan dàgbà ju ti Topps lọ, síbẹ̀ ti Topps ló ń gba owó jù, ó sì fi jìnnà réré.

Kí ló wá fà á? Nígbà yẹn Topps kì í kó káàdì ọdún kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé e jáde bí sáà bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Ìpín tó kẹ́yìn ní 1952, láti 311 dé 407, pẹ́ kó tó dé ọjà, àwọn ọmọdé ti padà sílé ìwé, ọkàn wọn ti kúrò lórí bẹ́ísíbọ́ọ̀lù, àwọn onísọ́ọ̀bù ò sì fẹ́ gbà á mọ́, ló bá kún ibi tí Topps ń kó ẹrù sí ní Brooklyn. Sy Berger tó ṣètò káàdì ọdún náà ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé ní 1960 àwọn kó èyí tó kù sínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn sì lọ dà á sínú òkun Atlantic. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni máa tún wá a láyé.

Síbẹ̀ ọ̀wọ́n nìkan kọ́ o. Nínú ìpín yẹn, ìlọ́po méjì ni Topps tẹ Mantle, ìyẹn ni pé káàdì ẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìpín náà lọ. Àwọn tó ń wá a ló pọ̀: àwọn ọmọ tó fẹ́ràn Mantle ní kékeré, tí wọ́n dàgbà tí wọ́n rówó, Mantle yẹn ni wọ́n ń fẹ́, tàwọn tó bí wọn lẹ́yìn sì ń bá wọn du ú. Ẹlòmíì tó wà nínú káàdì 1952 kan náà, ní ìpín tó ṣáájú, tórúkọ ẹ̀ ò dún tí igun ẹ̀ sì ti jẹ, ẹ lè fi ogún tàbí ọgbọ̀n dọ́là gbé e lọ.

Ká tún padà sẹ́yìn sí i. Láàárín 1909 sí 1911, American Tobacco Company ń fi káàdì kékeré sínú páálí sìgá bíi Piedmont àti Sweet Caporal, àwọn tó ń kó káàdì ń pè wọ́n ní T206, wọ́n sì ju 500 oríṣi lọ. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ara wọn ti gbó díẹ̀ ò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là. Àmọ́ Honus Wagner, agbábọ́ọ̀lù Pittsburgh Pirates, ò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo àwòrán òun, wọ́n dá tiẹ̀ dúró, ìwọ̀nba ọgọ́ta tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ la mọ̀ pé ó kù, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì lọ ní $7.25 mílíọ̀nù ní 2022. Sìgá kan náà, páálí kan náà, ọjọ́ orí kan náà.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá ṣe èèyàn ní jàǹbá jù ni káàdì tí wọ́n tẹ̀ láàárín nǹkan bí 1986 sí 1993, ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀. Ó pẹ́ tí Topps nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọjà yìí ní, títí Fleer fi gbé e lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó di 1981 Fleer àti Donruss, àwọn ilé iṣẹ́ káàdì bíi tiẹ̀, bọ́ sọ́jà, Score tẹ̀lé e ní 1988, Upper Deck dé ní 1989. Àkókò yẹn náà ni àwọn bàbá tó jẹ́ ọmọdé láyé 1950 rí i pé káàdì tí ìyá àwọn dà nù ti di egbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sọ́mọ tàwọn, wọ́n ń ra odindi páálí láìtú u, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ de owó yunifásítì ọmọ. Àwọn ilé iṣẹ́ rí i pé ọjà ń yá, wọ́n tẹ̀, wọ́n tún tẹ̀. Ó wá dà bí ìgbà tí gbogbo oko bá kórè tòmátì lọ́sẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, káàdì kì í rà kó dín kù bíi tòmátì. Ti 1952 wọ́n torí pé wọ́n dà á nù, ti 1988 pọ̀ torí pé gbogbo èèyàn ló tọ́jú ẹ̀. Topps 1987 tí etí ẹ̀ dà bíi pákó, káàdì 792 ló wà nínú odindi ẹ̀, àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká bíi Barry Bonds àti Mark McGwire wà níbẹ̀, ẹ sì máa rí gbogbo ẹ̀ rà pátá ní owó tí ò tó àádọ́ta dọ́là.

Ẹnì kan á ní káàdì Ken Griffey Jr., agbábọ́ọ̀lù tó lókìkí, ńkọ́, Upper Deck 1989, nọ́ńbà 1? Káàdì tó rẹwà ni, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ó sì wà lára àwọn káàdì táwọn èèyàn tíì gbé lọ fún PSA jù, ìyẹn àwọn tó ń yẹ káàdì wò tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì láti 1 dé 10. Tó bá gba 10, owó wà níbẹ̀ dáadáa. Tí igun kan bá fi rọ̀ báyìí, owó ẹ̀ já wálẹ̀ nìyẹn.

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ò ti fara balẹ̀ wò rèé. Ẹ mú káàdì sábẹ́ iná, ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wo etí ẹ̀ bóyá ó ti ṣá, ẹ wo àlà funfun tó yí àwòrán ká bóyá ọ̀tún àti òsì ṣe déédéé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ni ìlà tó ti ká rí máa ti yọjú, èyí tójú ò lè rí téèyàn bá kọjú sí i gbọọrọ. Rọ́bà tí wọ́n fi dì í ń jẹ ẹ́ létí, ṣíńgọ́ọ̀mù inú páálí ń fi àbàwọ́n sí i lára, àwọn ọmọdé ìgbà yẹn tiẹ̀ ń fi há wáyà táyà kẹ̀kẹ́ kó lè máa pariwo.

Ẹ má sì tún un ṣe o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má gé etí ẹ̀. Káàdì Wagner kan tí Wayne Gretzky tó ń gbá họ́kì àti Bruce McNall tó ni ẹgbẹ́ ẹ̀ jọ rà ní $451,000 ní 1991, tí PSA fún ní 8, Bill Mastro tó tà á tẹ́lẹ̀ jẹ́wọ́ ní kóòtù ní 2013 pé òun ti gé e létí. Torí orúkọ Wagner làwọn èèyàn ṣì fi ń du ìyẹn, ti yín tẹ́ ẹ bá gé, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ Mantle 1952 lẹ rí, ẹ kọ́kọ́ mú rúlà. Topps fúnra ẹ̀ tún káàdì 1952 tẹ̀ ní 1983, ó sì kéré sí ti àkọ́kọ́: ti àkọ́kọ́ ga tó ínǹṣì 3¾, àtúntẹ̀ ò ju 3½ lọ. Fún àwọn tó kù, ẹ yí ẹ̀yìn káàdì, ẹ wo ọdún tó kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ bí agbábọ́ọ̀lù náà ṣe gbá, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí 1986 tó kẹ́yìn, káàdì 1987 nìyẹn. Èyí tó bá ti ṣáájú 1970, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fi sínú ọ̀rá káàdì, ẹ sì wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀ dáadáa.

Ẹ má wá lọ sórí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ máa wo iye táwọn èèyàn ń pè é, torí ẹnikẹ́ni lè pe Topps 1987 ní $5,000, kò sẹ́ni tó máa rà á. Ẹ tẹ ibi tó máa fi èyí tí wọ́n ti tà hàn yín, kí ara káàdì yẹn sì jọ ti yín. Owó lẹ máa san fún PSA lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà tí iye tí irú ẹ̀ ń lọ ò bá tó owó yẹn, ẹ má wulẹ̀ gbé e lọ.